Abọ́ Kékeré Méjì

Ifangni,
Ọjọ́ kejì ọjà Ìgólò

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tí mo kẹ́ títí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ́ bà jẹ́,

Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà ní àṣẹ ìjọba ni, kí a máa fi "Ìjà ń bá a lọ!" bẹ̀rẹ̀ gbogbo lẹ́tà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ta ni àgbàlagbà obìnrin tó ń yan gàrí fẹ́ bá jà? Ṣùgbọ́n lónìí mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìjà ń bá a lọ, ọmọ mi. Ìjà èmi àti ìwọ pẹ̀lú ikùn wa ni.

Gbogbo lẹ́tà tí o ti ń rí gbà láti ọ̀dọ̀ mi, ẹlòmíràn ni mo ń sọ ọ́ fún, òun ló ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló kọ èyí. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lábẹ́ àtíbàbà délégé, olórí àdúgbò wa, ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń pe a, b, d bí ọmọ ọwọ́. Bí o bá rí ibi tí àmì ohùn ti sọnù, fojú fò ó. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè sọ sí etí akọ̀wé.

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní oṣù kẹrin rè é tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ti la inú rẹ, tí wọ́n sì sọ àpò oúnjẹ rẹ di kékeré, nítorí pé orúnkún rẹ kò gbé ọ mọ́, ṣúgà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, bí o bá sì gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, o ń mí hẹlẹhẹlẹ. O ní ara ti ń fúyẹ́. O ní ìwọ àti Rámánù ọkọ rẹ ń bọ̀ wálé pátápátá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì máa gbé ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Lagbé. Mo dúpẹ́ lórí gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan. Ìwọ náà mọ àṣà ilé ọkọ rẹ. Ìyàwó tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ìyá ilé ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òkèlè àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu níwájú gbogbo ẹbí, òkèlè ńlá, kí ayé lè mọ̀ pé ilé náà kì í ṣe ilé ahun. O wá kọ ọ́ báyìí pé: "Ìyá mi, wọn kò mọ̀ pé wọ́n la inú mi, wọn kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Màá gbé òkèlè náà mì. Bí mo bá gbé e mì tán, màá lọ bì í sẹ́yìn ilé."

Rárá, Morẹ́nikẹ́. O kò ní gbé e mì.

Mo dìde lórí àpótí nígbà tí mo kà á, mo tún jókòó. Inú bí mi sí ọ, lẹ́yìn náà ni inú bí mi sí ara mi, torí mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni. Nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún.

O mọ àpá tó wà ní ikùn mi, èyí tó ti ìsàlẹ̀ àyà lọ dé ìdodo. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí, mo ní ibẹ̀ ni àbúrò rẹ gbà jáde. Irọ́ ni. Ibi tí gbogbo ọmọ ń gbà ni àbúrò rẹ gbà. Ọgbẹ́ ló wà nínú àpò oúnjẹ mi. Mo máa ń dúró ti iná gàrí láti àárọ̀ láìfi nǹkan kan sẹ́nu, bí ọ̀sán bá wá pọ́n, màá fi ata tó ń jó bí iná jẹ ẹ̀bà. Inú ń ta mí, mo ń dì í mọ́ra, mo ń sọ pé obìnrin kì í sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, gbé mi sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹkùrọ́ lọ Àjàṣẹ́. Àwọn dókítà gé ju ìdajì àpò oúnjẹ mi dànù. Wọ́n sọ fún ọ nígbà náà pé mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ fi gbà ọ́ nímọ̀ràn. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Fara balẹ̀ kà á.

Èkíní: ṣọ́ ìka rẹ ju bí o ṣe ń ṣọ́ ẹnu rẹ lọ. O mọ bí a ṣe ń yan gàrí. Ojú nìkan kò lè sọ bóyá ó ti gbẹ. A máa ń fi ìka mẹ́ta bù ú nínú agbada, a ó jù ú sẹ́nu, eyín ló ń sọ fún wa. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ènìyàn lè jù ú sẹ́nu ní ogójì ìgbà kó má sì rántí pé òun jẹ nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí mo ti Àjàṣẹ́ dé, mo padà sídìí agbada. Dókítà ní kí n máa mu ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi nìkan. Bí wọ́n bá ní kí n búra lọ́jọ́ náà, ǹ bá búra pé òun nìkan ni mo mu. Iná mú mi, òùngbẹ gbẹ mí, mo sì mu omi tútù kọ́ọ̀pù kan gbáko. Èmi tó yẹ kí n mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, pé kọ́ńgò gàrí kan, bí omi bá ti kàn án, á di mẹ́ta! Kò pẹ́ sí i, inú mi le bí ìlù tí wọ́n fi awọ dè. Mo yí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀gẹ́ tí a ń fún, mi ò lè mí kanlẹ̀. Wọ́n tún gbé mi padà sí Àjàṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọ Sàkété, àgbà obìnrin. Ó bi mí pé, "Kí lo jẹ?"

Mo ní, "Mi ò jẹ nǹkan kan, mà."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lórí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Bon. Ìwọ ò jẹun, ìyàwó, ìka ẹ ló jẹun. Alors, ikùn ta ló wá bọ́ sí?"

Ojú tì mí. Wọ́n fi rọ́bà fa gbogbo rẹ̀ jáde gba imú mi, dókítà sì ní díẹ̀ ló kù kí ojú ibi tí wọ́n rán já. Nígbà tí mo délé, mo so òwú pupa mọ́ ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò tú u fún ọdún kan. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, mo ní oògùn ni. Oògùn náà ni lóòótọ́. Tìẹ náà, bóyá ẹ̀pà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni, tàbí ọbẹ̀ tí a ń dà sí àtẹ́lẹwọ́ ká lè mọ̀ bóyá iyọ̀ kàn án, so òwú mọ́ ìka rẹ. Má sì fi omi ti oúnjẹ. Jẹun tán, kí o dúró bí ìgbà tí a fi ń bó ẹ̀gẹ́ agbọ̀n kan, kí o tó mu omi. Kí o máa mu ún díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, má ṣe gbé e dà sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan.

Èkejì: òkèlè. Àwa kì í rún òkèlè, gbígbé mì ni. Ẹni tó bá ń rún ẹ̀bà lẹ́nu, a ó bi í bóyá eyín ló ń dùn ún. Jẹ́ kí wọ́n bi ọ́. Àpò oúnjẹ rẹ kò ní agbára láti bá ọ rún ohun tí eyín rẹ kọ̀ láti rún. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ ló mọ bí ọ̀nà méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó. Ohun tó ń mọ ara ni kí o kọ́kọ́ jẹ: ẹyin, ẹja tí o ti yọ egungun rẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó rọ̀, wàrà àwọn Fúlàní. Bí àyè bá ṣẹ́kù, kí o fi ẹ̀kọ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iyán àti ẹ̀bà lè dúró, wọn kò ní sá lọ. Bí o bá gbọ́ òsúkè kan ṣoṣo, tàbí imú rẹ ṣàdédé ń ṣomi, tàbí nǹkan há ọ lábẹ́ àyà, ó ti tó. Má jẹ ẹnu kan sí i nítorí pé ẹran ló kù. Mo ti jẹ ẹnu kan sí i yẹn rí, mi ò lè sọ iye ìgbà tí mo jẹ ẹ́, kò sí ọjọ́ kan tó dúró sínú.

Ẹ̀kẹta: ṣúgà. Èyí á pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá bàbá rẹ rí i pé mo ń rù, ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó sọ ṣúgà oníhóró márùn-ún sí i, ó tún da oyin lé e. Ìfẹ́ ni, mi ò parọ́ mọ́ ọn. Mo mu ún tán. Kí n tó gbé ife sílẹ̀, òógùn ti bò mí, àyà mi ń lù kìkìkì, ojú mi ṣú, inú mi sì ń sáré bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Ìyá àgbà pariwo, "Ó ti lóyún o!" Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọn kò jẹ́ kí n pọn omi, wọn kò jẹ́ kí n gbé ẹ̀gẹ́. Ire kan ṣoṣo tí ṣúgà ṣe mí nìyẹn. Tìẹ tún burú ju tèmi lọ, torí ṣúgà ti ń bá ẹ̀jẹ̀ rẹ jà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ohun mímu aládùn kalẹ̀ fún àlejò, sọ pé omi ló wù ọ́.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ni tàbí ó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Dókítà Àjàṣẹ́ ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ kan lóṣooṣù títí ayé, torí ikùn tí wọ́n gé kò lè fa gbogbo oore oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Mo gbà á fún ọdún kan, ara mi le, mo ní ó tó, ṣé abẹ́rẹ́ ni mo bá dé ayé ni? Ọdún mélòó kan kọjá, nǹkan kan kò ṣe mí. Ahọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n bó o. Ẹsẹ̀ mi ń kú. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ ẹyin iná nídìí agbada, mi ò mọ̀. Òórùn ẹran tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo tún wo ẹ̀yìn mi pé ta ló ń sun ẹran láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ara mi ni. Ọjọ́ náà ni mo padà sídìí abẹ́rẹ́, mi ò sì fò ó mọ́. O rántí pé mo tiro fún ìgbà pípẹ́, mo sọ fún yín pé igi ló gún mi. Oògùn tí wọ́n fún ọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ fún ọ, má fi ọjọ́ kan ṣeré nínú wọn, pàápàá lọ́jọ́ tí ara rẹ bá le jù lọ. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ kí o tó kúrò níbẹ̀, kí àwọn ti ibí lè rí ohun tí wọ́n ṣe fún ọ. Máa rìn lójoojúmọ́, má sì gbé ẹrù wúwo títí dókítà á fi ní kí o gbé e. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Wàyí o, mo dé ibi tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ìyá bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ. Ó ní ìyàwó tí kò bá jẹun tán nílé òun, ó ní ibòmíràn tó ti ń jẹun. Òun ló ń bu oúnjẹ fún gbogbo wa, òun ló sì ń kó abọ́. Bí ó bá bá oúnjẹ nínú abọ́ ẹnikẹ́ni, á gbé abọ́ náà sókè kí gbogbo agbo ilé lè rí i. Kò mọ̀ pé wọ́n gé ikùn mi. Bàbá rẹ sọ fún un pé wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ ni, torí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Mo bẹ̀rù kí wọ́n má pè mí ní aláàbọ̀ ara, kí wọ́n má sì lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn lé mi lórí. Ẹnu méje, ẹnu mẹ́jọ, mo ti yó. Abọ́ ṣì kún. Ìwọ jókòó tì mí.

Ìwọ ni mo ń fún, Morẹ́nikẹ́. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí o bá ti jẹ tìrẹ tán. Nígbà mìíràn, o máa ń sọ pé, "Ìyá mi, mo ti yó," èmi a sì máa wí pé, "Jẹ ẹ́ nítorí tèmi." O ń jẹ ẹ́. Ọmọ rere ni ọ́. Àwọn ènìyàn ń yìn ọ́, wọ́n ní ọmọ yìí mọ oúnjẹ jẹ, wọ́n ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Ìyá àgbà ń yìn mí pé mo jẹun tán. O rò pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí n ti ẹran sí abọ́ rẹ. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbé ohun tí ikùn mi kò lè gbà sínú ikùn ọmọ ọdún márùn-ún, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí o fi di ọmọge. Ìgbà tí o kọ ọ́ pé orúnkún rẹ kò gbé ọ mọ́, mo mọ ẹni tó ni ẹrù tó ń gbé. Dárí jì mí, ọmọ mi. Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí kó dùn ún gbọ́, nítorí náà mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Àṣé títí di ìjẹta, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo ṣì ti ń jẹun. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ mi mọ́, mo ṣì ń fara pamọ́.

Lánàá, mo wọ ọjà Ìgólò, mo lọ sí ìsọ̀ ìyá Rámánù, níbi tó ti ń ta epo pupa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ewúrẹ́ tó ń sìn de àbọ̀ rẹ, àti òkèlè tó fẹ́ gé fún ọ. Mo ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹ̀yìn ìsọ̀." Mo tú ìró mi díẹ̀, mo fi àpá mi hàn án. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, àfi ọ̀rọ̀ tìrẹ. Tìrẹ kò jáde lẹ́nu mi. Tèmi nìkan ni mo sọ.

Ó fi ìka kan àpá náà. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí a ti di àna, ẹ ń tàn mí?"

Mo ní, "Mo ń tan gbogbo ayé."

Ó ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì, ó gbé ọ̀kan fún mi. Mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, mo ń rún un bí mo ṣe ń rún un lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo jẹ ìdajì, mo gbé ìyókù sílẹ̀. Òun ti jẹ tirẹ̀ tán, ó ti ta epo fún oníbàárà mẹ́ta. Ó ní, "Ah bon. Báyìí lẹ ṣe ń jẹun? Kí ẹ tó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan tán, ẹni tó sè é á ti ru agbọ̀n relé!" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdérí bo epo rẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìyàwó ọmọ mi ló rí báyìí, mi ò ní fẹ́ kó fi pamọ́ fún mi. Òkèlè lè kéré. Ta ló sọ bí òkèlè ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?"

Mi ò mọ̀ bóyá ó fura. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí, Morẹ́nikẹ́, ìwọ ló kù kí o wọlé. Kọ̀wé sí i kí ẹ tó gbéra, tàbí kí o sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí o bá dé, kó tó fọ ọwọ́. Bí ojú bá ń tì ọ́, fi ìwé mi yìí hàn án. Ẹ̀yìn ilé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Kí n tó kúrò lọ́jà, mo ra abọ́ kékeré méjì, ìkọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè bò lọ. Ọ̀kan jẹ́ pupa, ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ ewé. Mo ti fi èyí tó pupa jẹun lọ́sàn-án òní, lábẹ́ igi òroǹbó iwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ Ìgólò ti ń rí mi, wọ́n sì ń kí mi kú oúnjẹ. Aláwọ̀ ewé ń dúró dè ọ́. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ wá kí mi, orí ẹní kan náà la ó jókòó sí, níta gbangba, kálukú á máa jẹ tirẹ̀.

Má jẹ àjẹkù mi mọ́, ọmọ mi, má sì jẹ ti ẹnikẹ́ni. Jẹ èyí tó tó ọ, kí o gbé ìyókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni kó wá jẹ ẹ́, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ń sin adìyẹ mẹ́sàn-án.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.